Ọ̀rọ̀ Tó Ń Yọ Obì Lápò: Ohun Tí Ilẹ̀ Rẹ́mọ Kọ́ Wa Nípa Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

  Bó bá jẹ́ inú bọ́ọ̀sì lẹ ti ń gbọ́ wa, ẹ kú ìrìn. Bó bá sì jẹ́ pé ṣe lẹ ń kà á lórí fóònù, tí iná ò sí, tí bátìrì yín ti ń lọ sílẹ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ìtàn la fẹ́ sọ lónìí. Ìtàn ilẹ̀ Rẹ́mọ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù mọ́jú, ẹ̀yin gan-an la torí yín sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Ṣàgámù, ní oṣù kejì ọdún 2023.

Mo mọ̀ pé ẹ rántí ìgbà yẹn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa kéde pé òun fẹ́ pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Owó tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023, owó àtijọ́ ti kú nìyẹn. Nígbà tó yá, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Ọjọ́ pé, owó àtijọ́ kú, owó tuntun ò sì tó nílẹ̀. Àwọn èèyàn ń tò síwájú ATM láti ìdájí. Àwọn oníPOS ń ta owó fún wa bí ẹni ń ta iṣu. Nígbà tí kò sí owó lọ́wọ́, gbogbo wa yíjú sí transfer lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ àwọn báńkì ò sì lè gbé ẹrù náà.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà nígbà náà. Ẹnì kan ra ẹ̀fọ́ àti ata lọ́wọ́ ìyá kan, ó ṣe transfer. Ìyá ní kó dúró kí alert wọlé ná. Alert ò wọlé. Owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó rà, kò dé ọwọ́ ẹni tó tà. Àwọn méjèèjì ń wo fóònù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: pending.

Ẹ dákun, kí ni ìyá yẹn fẹ́ fi "pending" ṣe? Ṣé kó gbé ẹ̀fọ́ lé oníbàárà lọ́wọ́ ni, àbí kó gbà á padà? Ṣé owó náà ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ni, àbí ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Ta ló yẹ kó bi? Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn sójú áàpù mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ohun tí kóòdù rẹ̀ ń ṣe gẹ́lẹ́ ló kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rántí pé èèyàn kan ló máa kà á, nínú oòrùn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, pẹ̀lú oníbàárà tó ń kánjú níwájú.

Láàárín oṣù yẹn, Ṣàgámù gbóná. Àwọn ọ̀dọ́ ya sí ìgboro, wọ́n sì dáná sun báńkì. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2023. Ṣùgbọ́n iná ti jó kó tó dìgbà yẹn.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Àìsí owó ló dá wàhálà yẹn sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú fóònù nìkan. Àmọ́ ẹ ronú sí i. Ebi ń pa èèyàn, owó rẹ̀ wà nínú báńkì, kò rí i gbà, kò sì sí ẹni tó là á yé e nígbà wo ló máa rí i gbà. Ìgbà wo ni inú ò ní bí irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ìlú obì sì ni Ṣàgámù. Àwọn oníṣòwò láti òkè Ọya ti ń wá ra obì níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì ní Sábó tiwọn nínú ìlú. Ẹni tó ń tajà fún ẹni tí èdè wọn ò pa pọ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, kó sì mọ bí a ṣe ń tẹ́tí. Àwọn òyìnbó ní orúkọ fún irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pè é ní soft skills.

Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Kì í ṣe àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ló mú un jáde. Iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Láàárín ọdún 1968 sí 1972, wọ́n ń ṣètò bí wọ́n ṣe máa kọ́ àwọn sójà níṣẹ́. Iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ẹ̀rọ, bíi títún ọkọ̀ ogun ṣe, rọrùn láti kọ sínú ìwé: ṣe báyìí, lẹ́yìn náà ṣe tọ̀hún. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ ọ̀gá bí yóò ṣe kó àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ jọ, bí yóò ṣe bá wọn sọ̀rọ̀, bí yóò ṣe parí ìjà? Ní oṣù kejìlá ọdún 1972, wọ́n ṣe ìpàdé ńlá kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí kò ní ẹ̀rọ nínú ni wọ́n pè ní soft. Ẹ kíyè sí i, "soft" yẹn ò túmọ̀ sí pé ó rọrùn. Òun gan-an ló le fún wọn láti kọ́ èèyàn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká kúrò ní Ṣàgámù, ká lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Kò jìnnà. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀ jọ ti "pending" yẹn tó bẹ́ẹ̀ tó fi yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ń múra ètò yìí sílẹ̀.

Gbogbo wa la mọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé òun àti ẹgbẹ́ Action Group ló dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ fún wa ni pé ètò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wọn kúrò lórí oyè kó tó bẹ̀rẹ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Ní ọdún 1952, S. O. Awókọ̀yà, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ìwé ètò náà síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ètò tó mọ́gbọ́n dání ni. Wọ́n ti ṣírò iye ilé-ìwé, iye olùkọ́, iye owó. Ṣùgbọ́n owó ò lè ti ọ̀run já bọ́. Wọ́n wá gbé owó orí kan jáde fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera: ṣílè mẹ́wàá àti ààbọ̀. Lójú òde òní, ó lè dà bí ohun kékeré. Lójú àgbẹ̀ ìgbà náà, kì í ṣe kékeré rárá.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Owó orí ti ń wọlé kí ilé-ìwé tó ṣí. Bàbá kan san ṣílè mẹ́wàá àti ààbọ̀, ó padà sílé, ọmọ rẹ̀ ṣì ń lọ oko. Ó bi ara rẹ̀ pé owó tí mo san dà? Ẹ̀yin èèyàn mi, "pending" nìyẹn. Owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó san, kò tíì dé ibi tó ń lọ, kò sì sí ẹni tó ń ṣàlàyé tó tẹ́ ọkàn lọ́rùn. Àwọn alátakò rí àyè, wọ́n kó ọ̀rọ̀ sí i. Nígbà tí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ NCNC gba ìjókòó 23 ní Ìwọ̀-Oòrùn, Action Group gba 18. Lágbègbè tí wọ́n ti ń ṣèjọba ni wọ́n ti jẹun ìyà.

Ètò náà dára. Ìṣirò náà tọ̀nà. Síbẹ̀, wọ́n pàdánù, nítorí pé ìṣirò kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n wọn ò jáwọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1954 jẹ́ bíi 457,000. Ní ọdún 1955, wọ́n lé ní 811,000. Bàbá tó ń bínú lánàá rí ọmọ rẹ̀ tó wọ aṣọ ilé-ìwé, tó di síléètì mú. Alert ti wọlé nìyẹn. Nígbà tí ìdìbò ìjọba ẹkùn dé ní ọdún 1956, Action Group gba ìjókòó 48 nínú 80.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àkọ́kọ́, bí iṣẹ́ rẹ bá máa gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn kó tó fún un ní nǹkan, ìbáà jẹ́ owó, ìbáà jẹ́ àkókò, ìbáà jẹ́ dátà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ló máa gbé e dúró títí èrè yóò fi dé. Èkejì, ọ̀rọ̀ nìkan ò tó o. Bí ilé-ìwé ò bá ṣí ní ọdún 1955, kò sí àlàyé tó lè gbà wọ́n. Àwọn àgbà ní ẹnu dùn ún rofọ́. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tí kò mọṣẹ́, oníjìbìtì ló kù díẹ̀ kó dà. Iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n. Ẹlẹ́sẹ̀ kan kì í sáré.

Nígbà tá a ṣì wà lọ́dọ̀ Awólọ́wọ̀, ẹ jẹ́ kí n fi kinní kan kún un. Ní ọdún 1953, lẹ́yìn rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ òmìnira, gómìnà John Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó sì di ẹ̀bi ru Action Group. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè kí òun fèsì lórí rédíò kan náà. Wọ́n kọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí WNTV ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń fi yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Nígbà tá a bá ń sọ ìtàn yẹn, ẹ̀rọ la máa ń yìn: òpó, kámẹ́rà, àwòrán tó ń rìn. Ṣùgbọ́n ohun tó bí ẹ̀rọ náà ni pé ẹnì kan sọ̀rọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnì kejì dáhùn. Ẹ lọ wo àwọn áàpù tó wà lórí fóònù yín. Mélòó ló ní ibi téèyàn ti lè fèsì kí èèyàn gidi sì dá a lóhùn?

A ò tíì kúrò ní Ìkẹ́nnẹ́ o. Ọmọ ìlú náà kan tún wà.

Wọ́n bí Táí Ṣólàrín ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1922. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó wọ iṣẹ́ ológun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tí wọ́n sì kọ́ ọ ni ti atọ́nà ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ yẹn díẹ̀, torí kò sí GPS nígbà náà. Atọ́nà ló ń fi máàpù, aago, kọ́ńpáàsì àti ìràwọ̀ ṣírò ibi tí ọkọ̀ wà àti ibi tó yẹ kó kọjú sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń wa ọkọ̀. Ẹlòmíì ló mú ìdarí lọ́wọ́. Atọ́nà lè ṣírò kó tọ̀nà pátápátá. Bí kò bá sọ ọ́ kó yé awakọ̀, lákòókò tó yẹ, nínú ariwo ẹ́ńjìnnì, gbogbo wọn máa ṣìnà ni.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ìtàn ilé-ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, Ṣólàrín kàwé ní Manchester àti London, ó fẹ́ Sheila, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì jọ wá sílé. Ó ṣe ọ̀gá ilé-ìwé Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti ọdún 1952. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nílé-ìwé ò jẹ́ kó lè dúró níbẹ̀ pẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1956, òun àti Sheila dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn èèyàn kan kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1620, tí wọ́n ń wá òmìnira ẹ̀sìn, ló fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ní Mayflower, ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n ń kà. Ọmọ ilé-ìwé ń ro oko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí wọ́n máa jẹ àti ohun tí wọ́n máa lò. Ọmọ olówó àti ọmọ mẹ̀kúnnù di ọkọ́ mú lórí ebè kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí ọmọ mẹ́wàá bá jọ ń ro ilẹ̀ kan, ẹnì kan á yá ju ẹnì kan lọ, ẹnì kan á máa ráhùn, ẹnì kan á fẹ́ sá fún iṣẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó tán. Ohun tí wọ́n wá ń pè ní team work nínú ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ lónìí nìyẹn, ọkọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ ní Ìkẹ́nnẹ́.

Ṣólàrín fúnra rẹ̀, bó ṣe ń kọ́ni ló ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn. Ó máa ń kọ ọ́ ní èdè tí ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn náà lójú títì lè kà kó yé e. Nígbà tí ìjọba dá People's Bank sílẹ̀ ní ọdún 1989, láti yá àwọn mẹ̀kúnnù tí kò ní ilé tàbí ilẹ̀ fi dúró lówó, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Kì í ṣe oníbáńkì. Ẹni tí àwọn èèyàn máa ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ni, nítorí pé bó ṣe ń sọ ọ́ náà ló ń gbé.

Mo ní kẹ́ ẹ rántí ọ̀rọ̀ atọ́nà yẹn. Ìdí ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ojú sánmà ní ọdún 1999, ọ̀rọ̀ atọ́nà náà ni.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1998, NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ kan tí kò ní èèyàn nínú lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars. Orúkọ rẹ̀ ni Mars Climate Orbiter. Ó rìn fún oṣù mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, nígbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í yí Mars ká, ó sún mọ́ ọn jù, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ yẹn nìkan, owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 125 dọ́là.

Kí ló fà á? Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Èkíní ń fi òṣùwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ṣírò agbára ẹ́ńjìnnì. Èkejì rò pé òṣùwọ̀n mẹ́tíríìkì ni. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi kóńgò wọn gàárì, tí ẹnì kejì ń fi kílò ṣe ìṣirò, tí wọn ò sì bi ara wọn léèrè. Àwọn atọ́nà tó ń wo ọ̀nà ọkọ̀ náà láti ilẹ̀ ti kíyè sí i tipẹ́ pé nǹkan kan ò dọ́gba. Wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ lọ́nà tó máa mú kí àwọn ọ̀gá dúró. Ọ̀rọ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé àìsí ìbánisọ̀rọ̀ tó péye láàárín àwọn ẹgbẹ́ náà wà lára ohun tó pa ọkọ̀ yẹn.

Àwọn tó gbọ́n jù láyé ló ṣe ọkọ̀ yẹn o. Kò sí ẹni tí ìṣirò le fún níbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo, "Ẹ jọ̀ọ́, òṣùwọ̀n wo lẹ̀ ń lò?", ì bá ti gba mílíọ̀nù 125 dọ́là là.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé, ká parí ìrìn wa ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, nítòsí Ìkẹ́nnẹ́ níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ Adventist ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1959, ọdún kan náà tí WNTV bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1999, ó di Yunifásítì Babcock. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ méjì ti pàdé nínú kíláàsì kọ̀ǹpútà, àwọn tó wá dá Paystack sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2016, Paystack di ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó wọ ètò Y Combinator ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Stripe rà á. Àwọn ìwé ìròyìn sọ pé owó náà lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Nígbà yẹn, bíi 60,000 ilé-iṣẹ́ àti oníṣòwò ló ń fi í gbowó.

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí fún ọmọ tó ń kọ́ kóòdù, dọ́là ló máa ń gbọ́. Èmi fẹ́ kẹ́ ẹ wo iṣẹ́ tó wà láàárín. Kí áàpù kan tó lè gbowó ní Nàìjíríà, ó gbọ́dọ̀ bá báńkì ṣe àdéhùn, àwọn báńkì tó ń bẹ̀rù olè. Ó gbọ́dọ̀ bá ìjọba sọ̀rọ̀ kó tó gba ìwé àṣẹ. Ó gbọ́dọ̀ mú kí ẹni tó ń ta bàtà lórí Instagram gbà pé owó òun ò ní sọnù. Ó sì gbọ́dọ̀ dá oníbàárà tó ń pariwo lóhùn. Kóòdù ò lè ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ẹnu àti etí ló ń ṣe é, pẹ̀lú sùúrù.

Àwọn kan máa ń bi mí pé èdè kọ̀ǹpútà wo ni kí àwọn kọ́kọ́ kọ́, ṣé Python ni àbí JavaScript. Méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti ń kọ kóòdù, tẹ́ ẹ kàn ní láti sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fún un, ẹ bi ara yín: ta ló máa jókòó ti ìyá alátà láti mọ ohun tó fẹ́ gan-an? Ta ló máa sọ fún ọ̀gá pé, "Ẹ má bínú sà, ọjọ́ tẹ́ ẹ dá yìí ò ní ṣeé ṣe," láìjẹ́ pé ó já sí àfojúdi? Ta ló máa gbà pé òun ló ṣàṣìṣe, kí iṣẹ́ má bàa bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹni tó bá mọ ìwọ̀nyí ni wọn ò ní tètè lé kúrò níbi iṣẹ́.

Mo mọ̀ pé àwa ọmọ Yorùbá ní ìṣòro tiwa lórí èyí. Wọ́n tọ́ wa pé ọmọdé kì í bi àgbà léèrè bẹ́ẹ̀ yẹn, pé tí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń rí àṣìṣe níbi iṣẹ́, tí a sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n àṣà kan náà ló kọ́ wa pé "ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè" kì í ṣe ìwọ̀sí. Ìkúnlẹ̀ ò ní ká má sọ òtítọ́. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ sọ ọ̀rọ̀ tó le, ohun tí àwọn atọ́nà NASA wá tí wọn ò rí ló ní lọ́wọ́ yẹn.

Kí ni kẹ́ ẹ ṣe láti òní lọ? Mo ní ohun mẹ́ta péré.

Èkíní, ẹ mú ọ̀rọ̀ tó wà lójú áàpù yín, ẹ kà á sétí ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà. Màmá yín, tàbí ìyá tó ń ta búrẹ́dì ládùúgbò. Bó bá bi yín pé "kí nìyẹn túmọ̀ sí?", ẹ má ṣàlàyé. Ẹ lọ tún un kọ. Bí owó ò bá tíì dé, ẹ kọ ọ́ pé owó ò tíì dé, ẹ sọ ìgbà tó máa dé, ẹ sì sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n pè.

Èkejì, nígbà tẹ́ ẹ bá wà nínú ìpàdé tí nǹkan ò yé yín, ẹ béèrè níbẹ̀, kó tó di ọ̀la. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ títí yóò fi wọ etí. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, kẹ́ ẹ tún kọ ọ́ sílẹ̀. Sísọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò kò tó.

Bí ẹ bá gba Ṣàgámù kọjá lọ́jọ́ kan, ẹ yà sí ọjà, kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ná obì. Ẹni méjì tí èdè wọn yàtọ̀ síra jókòó ti apẹ̀rẹ̀ kan. Wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún ná an. Bó pẹ́ bó yá, obì á kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, owó á sì dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Kò sí "pending" láàárín wọn, torí pé bí nǹkan ò bá yé ẹnì kan, ẹnì kejì wà níbẹ̀ tó máa là á yé e. Irú áàpù tó yẹ ká máa ṣe nìyẹn.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyí. Bí ìtàn yìí bá ṣe yín láǹfààní, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín kan tó ń kọ́ kóòdù, pàápàá èyí tó gbọ́n jù tí kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.